Mẹ́jọ Nínú Mílíọ̀nù

Èmi ni mo máa ń gbé àpótí sẹ́ẹ̀lì lé itan láti ibi iṣẹ́ wa dé pápákọ̀ òfurufú ní Omagwa. Àpótí náà kò ju páálí bàtà méjì tí a tò léra lọ. Ìgò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n da kẹ́míkà sí, òun ni sẹ́ẹ̀lì náà, irú bátìrì kan tó ń mú iná fóòtì kan àti díẹ̀ jáde, tí kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ọdún dé ọdún. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ: kò gbọdọ̀ dojú dé, kò sì gbọdọ̀ mì. A kì í gbé e sí búùtù, a kì í sì í gbé e kalẹ̀ lórí àga ọkọ̀. Orí itan ènìyàn ni a ń gbé e sí, kí ara ènìyàn lè gba gbogbo jìgìjìgì ọ̀nà dípò rẹ̀. Wọ́n yàn mí nítorí pé mo mọ bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹlẹgbẹ́ mi, ọkùnrin Ikwerre kan tó mọ mítà tún ṣe, kì í jẹ́ kí n gbádùn.

"Mama Battery, your pikin don chop?"

"Ó ti yó," ni mo máa ń dá a lóhùn. "Ó ń sùn. Má pariwo."

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni ọkọ mi, iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé wa dé Port Harcourt, a sì ń gbé ní Rumuomasi. Wọ́n gbà mí láti máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ nínú yàrá ìdíwọ̀n, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ń kó mítà wọn wá kí a lè sọ fún wọn bóyá òótọ́ ni mítà náà ń sọ. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni ti iná tí ń lọ tí ń bọ̀, irú èyí tó wà nínú ògiri ilé gbogbo ènìyàn. Àádọ́ta ìgbà ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ni yóò dì í mú kó tó wò ó?

Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n kọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, tí kò sì tíì sú mi di òní. A ó jẹ́ kí iná náà gba inú wáyà kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ kọjá, a ó sì wo bí wáyà náà ṣe gbóná tó. Lẹ́yìn náà, a ó fi iná tó dúró sójú kan, irú ti bátìrì, rọ́pò rẹ̀, a ó máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí wáyà yóò fi gbóná bákan náà gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé àwọn méjèèjì dọ́gba. Sẹ́ẹ̀lì inú àpótí la sì fi ń wọn iná tó dúró yẹn. Bí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata ní ọjà Oil Mill, tó ń pariwo tí ilẹ̀ ń gbọ̀n, mo máa ń rò ó pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ iye fóòtì tó ń yí i ní òótọ́, ìbéèrè rẹ̀ yóò rìn títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ìgò kékeré tí mo máa ń gbé lé itan.

Àpótí méjì la ní. A ń pe ọ̀kan ní Onílé, nítorí pé kì í kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Ìkejì ni Arìnrìn-àjò. Bí ọdún méjì bá pé, yóò lọ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n níbẹ̀, yóò sì mú sátífíkéètì bọ̀.

Ọdún 1990 ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bí a ṣe ń gbé Arìnrìn-àjò lọ, nígbà tí a kọjá Igwuruta, ọkọ̀ epo kan fún wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, táyà wa sì já sínú ihò. Àpótí náà fò kúrò lórí itan mi, bí ìbú ìka méjì, ó sì padà jókòó.

"Madam, sorry o!" ni dírẹ́bà wí.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí náà mú. Mo fún ẹnjiníà òyìnbó tó ń lọ ìsinmi ní àpótí náà ní pápákọ̀, òun náà gbé e lé itan nínú bàálù. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nípa ihò náà.

Oṣù méjì kọjá, àpótí dé, mo sì lọ gbé e wá láìsí ewu. Ọ̀gá wa, bàbá Ìjẹ̀bú kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́, ṣí sátífíkéètì náà. Ó kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ìyá Ìbejì, wá."

Mo lọ. Sẹ́ẹ̀lì náà ti fi mẹ́jọ nínú mílíọ̀nù lọ sílẹ̀. Bí ènìyàn bá wọn ọ̀nà kìlómítà kan, ìṣìnà náà kò ní ju ìbú ìka kékeré kan lọ. Àmọ́ látìgbà tí mo ti ń kọ nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì yìí, kò yẹ̀ tó ẹyọ kan rí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́nà?"

"Ihò kan ni, sà. Lẹ́yìn Igwuruta. Ó fò lórí itan mi."

"O ò sì sọ?"

"N kò sọ, sà."

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Bí sẹ́ẹ̀lì yìí bá ti bàjẹ́, a ò lẹ́nu láti fọwọ́ sí ìwé oníbàárà kankan mọ́. Wọ́n á ti yàrá yìí pa. Wọ́n á gbé ọ lọ sí sítọ́ọ̀, kí o lọ máa ka nọ́ọ̀tì àti bóòtù."

Ẹlẹgbẹ́ mi kò bá mi ṣeré lọ́jọ́ náà.

Mo rò ó mọ́jú. Láàárọ̀, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ bá Ọ̀gá. Ní agogo mẹ́wàá àràárọ̀, mo máa ń so sẹ́ẹ̀lì méjèèjì pọ̀ kí wọ́n kọjú ìjà síra wọn; ìwọ̀nba tí ọ̀kan bá fi ju èkejì lọ, òun ni mo ń kọ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bi Onílé léèrè. Òun kò dé ibi ihò. Bí ihò bá ti ba Arìnrìn-àjò jẹ́, ìyàtọ̀ àárín wọn ti ní láti yí padà."

Ó ṣí ìwé náà wò. "Arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ sinmi ọ̀sẹ̀ méjì ná."

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn. Mo ń se oúnjẹ, n kò mọ̀ bóyá mo fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó pé, mo so wáyà, mo dúró kí abẹ́rẹ́ mítà dákẹ́, mo kà á. Mo wo ìwé mi. Iye tí mo kọ ní àárọ̀ ọjọ́ tó lọ sí ìrìn-àjò ló wà níwájú mi.

"Tún un kà," ni Ọ̀gá wí.

Mo yí wáyà padà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "So Onílé too fall inside pothole?"

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀ lẹ́nu Ọ̀gá, ó sì gé e lójijì. Ó ti rí i: bí àwọn méjèèjì bá wà bí wọ́n ṣe wà, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi wọn Arìnrìn-àjò lókè òkun ló yí padà. Ó fi tẹ́lẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Èsì dé ní ọjọ́ kẹta, ìwé àlàyé sì tẹ̀ lé e. Sẹ́ẹ̀lì wa kò ní àbùkù kankan. Wọ́n ní àwọn kì í fi ìgò wọn ìgò mọ́. Irin méjì ni wọ́n ń lò, tí awọ kan tó tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí lọ pààlà láàárín wọn. Wọ́n á rì wọ́n sínú òtútù tí yìnyín jẹ́ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì tan ìgbì bí ti rédíò sí wọn. Bí o bá ti ka iye ìgbà tí ìgbì náà ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, o ti mọ iye fóòtì tí irin náà yóò mú jáde. Kì í gbó. Kì í rẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é ní Port Harcourt, iye kan náà ni yóò jáde. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ń lo nọ́ńbà tirẹ̀ láti fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún náà, gbogbo wọn fẹnu kò sórí ẹyọ kan. Mẹ́jọ nínú mílíọ̀nù ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà tuntun náà àti èyí tí wọ́n ti fi ń wọn tiwa tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá kà á tán, ó gbé ìwé náà fún mi, ó jáde lọ dúró níta. Mo jókòó tì í. Fóòtì gbogbo ayé ti sún, èmi sì ti ń sunkún nítorí ihò kan lẹ́yìn Igwuruta. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lílọ bíbọ̀ ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti ń di ara mi mú kí nǹkan má bàa mì, ohun tó ń mì ló mọ̀ jù.

Mo kọ iye tuntun fún Arìnrìn-àjò, mo sì kọ tuntun fún Onílé, tí kò tíì kúrò lórí tábìlì rí. Wáyà tí a fi ń wọn iná tí ń lọ tí ń bọ̀ kò lè rí ohun tó kéré tó mẹ́jọ nínú mílíọ̀nù, nítorí náà kò sí oníbàárà kan tó mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, mo yí iye náà padà.

Ọ̀gá wọlé padà, ó fi ìlà kan kún òfin tó lẹ̀ mọ́ ògiri: kí ẹni tó gbé àpótí máa kọ gbogbo ihò sílẹ̀. Kò wò mí bó ṣe ń kọ ọ́. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo gbé Arìnrìn-àjò lé itan, mo mú pẹ́ńsù àti ìwé lọ́wọ́. Mọ́kànlélógún ni mo kà dé Omagwa.