Súkúrù Tí Ó Kúrò Nílé Rẹ̀

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé apá kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé, bí ó bá jẹ́ irọ́ ni, ara ìbá tù mí. Orúkọ mi ni Títílọlá. Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí, Rumuodara ni à ń gbé, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfútáù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo jẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti parí lọ́sàn-án, ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń gbà lọ. Bí ó bá sì di ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kìíní, mo rò pé irin iṣẹ́ ni Ọ̀gá yóò fún mi. Páálí ni ó fún mi, páálí tí ó gé lára àpótí bísíkíìtì, pẹ̀lú báírò kan.

Ó ní, “Ya fóònù yìí.”

“Ọ̀gá, n kò mọ àwòrán yà.”

“Ta ló ní kí o yà á kó lẹ́wà? Ṣé o fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ ni?”

Ìgbà tí mo yà á tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú fóònù náà níwájú mi, tí ó sì là mí lóye. Àwọn súkúrù inú fóònù kéré bí orí èèrà, gbogbo wọn sì jọ ara wọn lójú ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn fi ohun tí kò ju fọ́nrán irun lọ gùn ju èkejì. Nítorí náà, bí a bá ti tú súkúrù kan, a ó gbé e lé orí àwòrán náà, ní ibi gan-an tí ó ti jáde. Ibẹ̀ ni à ń pè ní ilé rẹ̀. Bí súkúrù gígùn bá ṣèèṣì wọ ilé èyí tí ó kúrú, yóò gún bọ́ọ̀dù ní àgúnyọ. Bọ́ọ̀dù ni pálábá tín-ín-rín tí ó dà bí ọpọlọ fóònù. Bí ihò bá ti wọ̀ ọ́, ó tán.

Òfin kejì ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ dìde kúrò nídìí páálí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi abọ́ tánganran bò ó, nítorí pé títì wa kò dára, ọkọ̀ ńlá tí ó bá sì kọjá a máa mi tábìlì. Bí kò bá bò ó, kí ó fi ẹnìkan ṣọ́ ọ.

Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ìròyìn ayé máa ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá gbé fóònù tuntun jáde lókè òkun lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ tán, àwọn ará bẹ́ǹṣì yóò ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Bọ̀dá Wálé, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ni ó sábà máa ń mú ìròyìn wá. Òun ni ó kọ́kọ́ fi fídíò fóònù tí ó ń ká hàn wá.

“Ọ̀gá, ẹ wò ó! Ó ń ká sí méjì!”

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. “Ó ń ká bí ẹní? Ṣé a ó máa tẹ́ ẹ sùn ni?”

Màmá Boma, tí ó ń sun bọ̀lì àti ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú iná rẹ̀. “The one wey no dey fold, una don repair am finish?”

Ní ọjọ́ mìíràn, aago ọwọ́ ni, èyí tí ó máa ń sọ fún ènìyàn bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ọ̀gá mirí. “Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá lù mọ́, ṣé yóò ráyè wo aago?”

Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìlara ń jẹ mí. Fóònù tèmi ni èyí tí ìyá mi ti lò kí n tó gbà á, rọ́bà ni mo fi dè é láàárín kí ojú rẹ̀ má baà ṣí kúrò. Mo máa ń fi ọwọ́ mi nu fóònù Bọ̀dá Wálé títí yóò fi máa dán, èmi yóò sì dá a padà fún un bí ẹni tí ó ń dá ọmọ olọ́mọ padà. Síbẹ̀, ìlara fóònù fúyẹ́. Ìlara ènìyàn ni mo wá mọ̀ pé ó wúwo.

Oṣù keje tí mo ti wà níbẹ̀ ni Ìbínàbọ̀ dé. Ọmọ Kalabari ni, ó fi ọdún kan jù mí lọ, kò sì gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ń kúnlẹ̀ láàárọ̀ pé, “Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá mi.”

Ọ̀gá a sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ wo ọmọ Kalabari tó ń kúnlẹ̀! Títí, ìwọ ọmọ Ọ̀yọ́, orúnkún tìrẹ dà?”

Ká ní orúnkún nìkan ni, ìbá yé mi. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Iṣẹ́ tí mo fi wákàtí kan ṣe, yóò parí rẹ̀ kí Màmá Boma tó yí bọ̀lì padà. Ó dé ibi pé àwọn oníbàárà a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a wò mí, wọn a sì wo ẹ̀yìn mi. “That slim girl no dey? Make she hold am for me.” Èmi tí mo kọ́kọ́ dé, èmi ni mo wá di ẹni tí ń sọ pé kí wọ́n jókòó, ó ń bọ̀.

Nígbà tí ó yá, Ọ̀gá ra ẹ̀rọ awò kan tí ó ń fi inú fóònù hàn lórí sikirínì. Ọjọ́ tí ó dé, bẹ́ǹṣì ṣófo, gbogbo wọn kó wọlé. Súkúrù tí ó kéré bí orí èèrà dà bí òpó iná lójú rẹ̀. Bọ̀dá Wálé fi èékánná rẹ̀ sábẹ́ awò, ó sì pariwo nígbà tí ó rí ìdọ̀tí tí ó wà níbẹ̀. Àga kan ṣoṣo ni ó wà níwájú ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá ní ẹnìkan nínú àwa méjèèjì ni òun yóò kọ́kọ́ kọ́, ẹni náà ni yóò sì ni àga náà. Ó ní òun yóò wo iṣẹ́ wa, òun yóò sì sọ ọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú Mọ́ńdè náà, Bọ̀dá Wálé gbé fóònù rẹ̀ tuntun wá. Kò tíì pé oṣù kan tí ó rà á tí ó fi já bọ́ nínú kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá gbé e lé Ìbínàbọ̀ lọ́wọ́. Fóònù kékeré oníbọ́tìnì kan tí omi wọ̀ ni ó gbé fún mi, ó ní bí mo bá ti parí rẹ̀, kí n gbálẹ̀, òun fẹ́ lọ ra nǹkan lọ́jà.

Ìbínàbọ̀ ti fi ojú tuntun sí fóònù Bọ̀dá Wálé, ó kù kí ó dá àwọn súkúrù padà, ni Màmá Boma pè é pé kí ó wá bá òun gbé agbada ẹja. Ó dìde.

“Títí, abeg, help me look my table.”

Mo ní, “Go, I dey.”

Mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ tí ń gbé omi kọjá. Tábìlì mì. Súkúrù méjì fò kúrò nílé wọn lórí páálí. Èyí tí ó kúrú yí gbirigbiri lọ sílé èyí tí ó gùn. Èyí tí ó gùn sì dúró sílé èyí tí ó kúrú bí àlejò tí kò tijú. Kò sí ohun mìíràn tí ó yí padà. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè mọ̀.

Mo rí i. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Bí mo bá fẹ́ tún un tò, kò lè gbà ju ìgbà tí ènìyàn fi ń sín lọ. Mo mú ìgbálẹ̀ mi, mo sì gbá ìdọ̀tí náà lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ìbínàbọ̀ padà wọlé, ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Thank you, my sister.”

Ó jókòó. Ó de súkúrù kìíní. Mo ń kà á pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ó de èkejì. Ó fi irin mú ẹ̀kẹta, èyí tí ó gùn, ó sì gbé e sórí ihò kúkúrú. Mo la ẹnu. Ohun tí ó jáde ni, “Ìbínàbọ̀, bọ̀lì ti jinná?”

Ó rẹ́rìn-ín. “You and food!” Ó sì yí i wọlé.

Fóònù náà kò tàn mọ́.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó tú u, ó gbé bọ́ọ̀dù náà sábẹ́ awò tuntun, ó sì pè wá pé kí á wá wò ó. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà ṣe nìyẹn. Ihò náà ṣí sílẹ̀ lójú sikirínì bí kànga.

“Ìbínàbọ̀, ṣé o dìde nídìí páálí rẹ?”

“Yes, Ọ̀gá.”

“Ṣé o bò ó? Ta lo fi ṣọ́ ọ?”

Ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ó sọ ọ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi jiyàn. Ṣùgbọ́n ó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó sì wo ilẹ̀.

“I no cover am, Ọ̀gá. Na my fault.”

Nígbà tí Bọ̀dá Wálé dé, Ọ̀gá bọ́ síìmù káàdì kúrò nínú fóònù tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù náà fún un dípò èyí tí ó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún Ìbínàbọ̀ pé kí ó máa lọ sílé, kí ó má padà wá mọ́. Kò pariwo, ká ní ó pariwo, ìbá tún san. Ìbínàbọ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Ọ̀gá mi,” ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo jókòó sórí àga. Ọ̀gá gbá mi léjìká, ó ní, “Ojú rẹ mú, Títí. Ìwọ lo máa ń rí nǹkan.”

Mo ti gba fíríìdọ̀mù báyìí, mo sì ti parí ilé ìwé girama. Ọ̀gá a máa fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi, èmi ni mo sì ń fún àwọn ọmọ tuntun ní páálí ní ọjọ́ kìíní wọn. Ìròyìn ṣì ń gba orí bẹ́ǹṣì kọjá. Wọ́n ń sọ nípa fóònù tí ó ń ká sí mẹ́ta, Ọ̀gá sì ní ó ku kí wọ́n so okùn mọ́ ọn kí a máa fi gbé ẹrù. N kò jowú fóònù ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìbínàbọ̀ ni mo ṣì ń jowú. Ó ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Iwofe, lẹ́bàá omi. Àwọn oníbàárà ń ti ọ̀dọ̀ wa wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a níbẹ̀, wọn a sì wá ròyìn ọwọ́ rẹ̀ fún mi. Èyí tí mò ń jowú jù ni pé ó lè gbé fóònù síwájú rẹ̀ kí ó má rántí ohun kankan.

Ní oṣù tí ó kọjá, Ọ̀gá rán mi lọ gba ojú fóònù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bí ẹni tí ń ka iṣẹ́ àkọ́sórí. Mo bá a lábẹ́ agboòrùn ńlá rẹ̀. Nígbà tí ó rí mi, ó fi abọ́ tánganran bo páálí rẹ̀, ó sì gbé òkúta lé abọ́ náà kí ó tó dìde. Ó dì mọ́ mi. Ó bèèrè Ọ̀gá, ó bèèrè Màmá Boma, ó wé ojú fóònù náà sínú ìwé fún mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ sórí ni ó kúrò lórí mi.

Mo ti yíjú sí títì nígbà tí ó pè mí. Yorùbá tí Ọ̀gá kọ́ ọ ni ó fi bá mi sọ̀rọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà gbọ́. Oníkẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè, mo sì wọ inú kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. N kò tíì padà lọ síbẹ̀. Ohun tí ó bi mí ni mo gbé padà wá sí Rumuodara, ó sì wà lórí tábìlì mi títí di òní:

“Títí, mo ní kí o bá mi wo tábìlì mi. Kí lo rí?”