Ògiri Kò Ṣeé Fi Sínú Àpò Lẹ́tà

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ kẹ́míìsì nílé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Iganmu, ṣùgbọ́n lójú ìwé, mi ò ṣiṣẹ́ náà rí.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí wá àánú. Mo kàn fẹ́ kó yé èèyàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni, torí kò sí ẹni tó lé mi, kò sí ẹni tó bú mi, kò sì sí ọ̀tá kankan nínú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn mi ló ṣe é.

Nígbà tí mo wọṣẹ́, náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já wálẹ̀ ni. Àwọn èròjà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun láti fi po ọ̀dà ti di ọ̀wọ́n gógó. Wọ́n gbà mí tìdùnnú-tìdùnnú pẹ̀lú dìgírì mi, àmọ́ wọ́n ní àyè kẹ́míìsì ò tíì ṣí sílẹ̀, pé àwọn á kọ mí sílẹ̀ bí olùrànlọ́wọ́ láàbù ná. "A máa tún un ṣe," ni wọ́n wí. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí mo parí, mo buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì. Ọ̀gá wa, bàbá tó jẹ́ olórí láàbù, mú bébà náà, ó gbé e sókè.

"Ẹ wá wo ọmọ yunifásítì o! Kò tíì mọ ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà, ó ti ń buwọ́ lùwé bíi gómìnà."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tún un kọ, Ọ̀gá sì fọwọ́ tiwọn sí i. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni yòówù kó ṣiṣẹ́, ọwọ́ àgbà ló ń wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí ìrẹ́jẹ. Tí ọ̀dà bá bàjẹ́, Ọ̀gá ni wọ́n ń pè lókè, Ọ̀gá ni wọ́n ń fi èébú kàn, wọn kì í sì í dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo jẹ àǹfààní ààbò yẹn. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn.

Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ ohun tí òjò ń fi ojú ògiri rí. Ọ̀dà á lé bí awọ ẹni tí iná jó, èbu dúdú á wá gun ògiri láti ìsàlẹ̀. Odidi àsìkò òjò méjì ni mo fi ń gbìyànjú láti fi amọ̀ funfun ilẹ̀ wa rọ́pò èròjà òyìnbó. Mo ń kun pákó, mo ń fi wọ́n ti ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kí òjò máa pa wọ́n, mo ń sọ wọ́n nù, mo ń tún un pò, títí ọ̀kan fi dúró. Ọ̀dà yẹn tà. Àwọ̀ rẹ̀ tó dà bí ògì bàbà tí wọ́n bu omi lù ṣì wà lára ọgbà ilé ní Surulere títí dòní. Ọwọ́ Ọ̀gá ló wà lábẹ́ ìwé rẹ̀.

Nígbà tó yá, orílẹ̀-èdè olótùútù kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ láti wá gbé ibẹ̀, èmi náà sì forúkọ sílẹ̀. Mú ẹ̀rí ilé ìwé rẹ wá, mú ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ wá, wọ́n á fún ọ ní máàkì. Yunifásítì mi dáhùn nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí, wọ́n sì fi èsì ìdánwò mi ránṣẹ́ tààrà. Ó ku lẹ́tà ibi iṣẹ́.

Inú Ọ̀gá dùn dé gbẹ̀du. Ojú ìwé méjì ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ kí wọ́n tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ọmọ ilé rere ni mí, pé mo máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà, pé mi ò bá ẹnikẹ́ni jà rí, pé mo bẹ̀rù Ọlọ́run. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á. Mo fi í ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, obìnrin òyìnbó tó jókòó níwájú mi ka lẹ́tà náà tán, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó ṣì kù.

"Ó dára. Kí wá ni iṣẹ́ tí o ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ni mo lè fi ṣèdájọ́." Ó fún mi láàyè láti mú lẹ́tà mìíràn wá, èyí tó máa sọ iṣẹ́.

Mo padà lọ bá Ọ̀gá. Mo kúnlẹ̀.

"Kí ló kù tí mi ò kọ?" ni wọ́n bi mí. "Àbí mo bú ọ nínú rẹ̀ ni?"

"Rárá o, sà. Ẹ yìn mí ju bó ṣe yẹ lọ."

"Ẹ gbọ́ o! Wọ́n yin ọmọ tán, ọmọ ń fajú ro."

"Ìwà kọ́ ni wọ́n bi mí, sà. Iṣẹ́ ni."

"Ìlú wo ni wọn kì í ti í bèèrè ìwà? Ibẹ̀ lo wá fẹ́ lọ?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò lè rín in. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣe ọ̀dà ìta yẹn."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n fi etí ẹ̀wù nù ún fún ìgbà pípẹ́.

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe é," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò le rárá, "kí wá ni èmi ń ṣe níbẹ̀?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé lè sọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá àwọn ṣe sí àwọn. Wọn ò kọ lẹ́tà mìíràn.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó òṣìṣẹ́. Àǹtí tó wà níbẹ̀ ṣí fáìlì mi, ó sì káàánú mi. "Olùrànlọ́wọ́ láàbù ni wọ́n ṣì pè yín níbí o. Wọn ò yí i padà." Ọdún mẹ́sàn-án, àyè náà ò tíì ṣí.

Ní Yaba, ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gbọ́ ẹjọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó lóun lè rí bébà ilé iṣẹ́ wa, òun lè rí sítáǹpù pẹ̀lú.

"Àǹtí mi, ṣebí òótọ́ lẹ fẹ́ kí n kọ? Kí wá lẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀?"

Àwọn kan tí mo mọ̀ ti dúró níwájú rẹ̀ rí, wọ́n gba lẹ́tà, wọ́n sì ti lọ. Èmi ò lè ṣe é. Iṣẹ́ mi ni. Mi ò fẹ́ jí i gbé. Mo ní kó tẹ àlàyé tèmi nìkan, pẹ̀lú orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo sì fi í ránṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá fọwọ́ sí ọ̀dà mi.

Èsì dé nínú àpò lẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ẹ̀rí iṣẹ́ mi ò tó. Mi ò bínú sí obìnrin yẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn án wà lára ògiri láti Yaba dé Surulere, ṣùgbọ́n ògiri kò ṣeé fi sínú àpò lẹ́tà.

Ẹ̀yin tí mo ń bínú sí mọ ara yín. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ṣèlérí pé ẹ máa tún un ṣe, nígbà wo lẹ fẹ́ tún un ṣe? Ta lẹ rò pé ó ń po ọ̀dà tí ẹ ń tà, olùrànlọ́wọ́? Ta ló ń ràn lọ́wọ́? Àti ẹ̀yin, Ọ̀gá mi, mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí n tó bi yín: nígbà tí ọ̀gá tiyín gba iṣẹ́ yín, ṣé kò dùn yín ni? Tó bá dùn yín, kí ló dé tẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ dè mí? Mi ò fẹ́ ìyìn mọ́. Ẹ sọ ẹni tó po ọ̀dà náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i.