Adéyẹmọ ní Pápá Ìsáré Pruitt

Dókítà ni gbogbo èrò pápá ìsáré mọ́tò Pruitt ń pe Adéyẹmọ, bẹ́ẹ̀ kò ṣe dókítà rí. Nọ́ọ̀sì ni ní Ṣakí kí físà tó gbé e dé Dallas, nígbà tó sì débẹ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú nínú ọkọ̀ áńbúláǹsì ló rí ṣe. Carrollton, lẹ́bàá Dallas, ni òun àti Ṣìmí ìyàwó rẹ̀ ń gbé, pẹ̀lú Fèyísọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti wojú Rẹ̀ títí.

Iṣẹ́ náà ló gbé e dé pápá. Òfin ni pé kí áńbúláǹsì wà níbi tí mọ́tò bá ti ń sáré, ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni ọ̀gá rẹ̀ sì rán an lọ sí ìlú kékeré kan ní ìkọjá ìlú McKinney. Ohun tó bá níbẹ̀ bà á lẹ́rù. Ojú títì róbótó ni, kò tóbi ju kéèyàn dúró ní ìpẹ̀kun kan kó máa rí ojú ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ògiri kọnkéré yí i ká, àwọn mọ́tò jákujàku sì ń lé ara wọn kiri lórí rẹ̀, wọ́n ń fi ìhà gbá ara wọn, taya ń han, èéfín ń rú. Adéyẹmọ pe Jésù títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí eré parí, àwọn awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi máńgòrò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ ọ̀gá pé kó dá òun padà síbẹ̀.

Dub Pruitt tó ni pápá ló sọ ìtàn ibẹ̀ fún un. Òyìnbó gàgàrà kan ni, ó ti dàgbà, orúnkún rẹ̀ kan kò ṣeé ká mọ́. Bí wọ́n bá ń dúró kí eré bẹ̀rẹ̀, á wá jókòó sí ẹ̀yìn áńbúláǹsì, á máa sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń sin màlúù lórí ilẹ̀ náà. Lọ́dún kan, ọ̀dá dá, koríko jóná, wọ́n ta màlúù tán, ilẹ̀ wá ṣófo. Dub àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fi katakátá họ ilẹ̀ náà róbótó. Wọ́n lọ kó mọ́tò táwọn èèyàn ti jù nù, wọ́n yọ gíláàsì wọn, wọ́n fi iná jó ilẹ̀kùn wọn mọ́ ara ọkọ̀ kó má lè ṣí mọ́, ni wọ́n bá ń sáré. Eruku lásán ni nígbà náà. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun wá wòran, aṣọ pupa ló máa wọ̀ relé. Nígbà tó yá ni wọ́n da ọ̀dà sí i, tí wọ́n kan àga onípákó fún èrò. Kò sí ilé kankan nítòsí. Màlúù inú oko àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ariwo náà ń dí lọ́wọ́.

"Dókítà," Dub á wí, "kò sẹ́ni tó ti ibí di olówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe látọjọ́ Ajé, ọba ni níbí tó bá di Sátidé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Adéyẹmọ lára. Òun náà mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jẹ́ ẹni ńlá níbì kan kó sì di ẹni táyé ò mọ̀ níbòmíràn. Àwọn ọba Sátidé wọ̀nyẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá bí apá bá yẹ̀ tàbí bí iná bá jó wọn. Pásítọ̀ ìjọ wọn bi í nígbà kan pé, "Arákùnrin, ìpàdé àdúrà Sátidé ńkọ́?" Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má jẹ́ n parọ́, àdúrà tí mò ń gbà lọ́hùn-ún pọ̀ ju tibí lọ." Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀.

Adéyẹmọ máa ń mú Fèyísọ́lá dání nígbà tó wà ní kékeré. Dub á gbé e kọ́ èjìká, á ní kó ju àsíá fún ẹni tó bá yege.

Ọdún ń gorí ọdún. Dallas ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n po ìwúkàrà mọ́. Oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá di ilé, ilé bí ilé, títí ògiri wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti pápá. Fèyísọ́lá ti lọ́kọ nígbà náà, Olúfúnṣọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ilé tó wà nítòsí Carrollton wọ́n gógó, ibi tí agbára wọn ká ni ilé tuntun ẹ̀gbẹ́ pápá. Àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ni ẹni tó tà á fún wọn mú wọn lọ wò ó. Adéyẹmọ kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn á fara dà á.

Ni wọ́n wá bí Shalom. Oṣù rẹ̀ kò pé. Ó pẹ́ nínú àpótí gíláàsì ní ọsibítù, nígbà tí wọ́n sì gbé e wálé, bí abọ́ bá ré lulẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n.

Ní Sátidé kan tí Adéyẹmọ kò lọ síṣẹ́, ó gbé ọmọ náà lọ́wọ́ ní pálọ̀ Fèyísọ́lá nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Fèrèsé ń mì jìgìjìgì. Ọmọ ta jí láti ojú oorun, ó figbe ta, ó ń ké títí ó fi ń wá èémí. Ohùn ẹ́ńjìnnì lásán ni Adéyẹmọ fi mọ awakọ̀ tó ṣíwájú. Ó bo etí ọmọ náà, kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

"Daddy, ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ni Fèyísọ́lá wí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà làwọn onílé gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Dub bẹ Adéyẹmọ pé kó wá gbẹnu sọ fún pápá. "Ìwọ ni wọ́n máa gbọ́," ó ní. "Ìwọ lo mọ irú èèyàn tí a jẹ́." Adéyẹmọ gbà. Kò sọ fún Fèyísọ́lá, nítorí kò fẹ́ ìjà nínú ilé. Òun náà kò mọ̀ pé ọmọ òun ní ohun tó ń bò.

Nígbà tó jókòó sí gbọ̀ngàn ìlú, láàárín àwọn awakọ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

"Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni níbẹ̀," ni Fèyísọ́lá wí lédè Òyìnbó, ó gbé ọmọ mọ́ àyà. "Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti gbé èmi náà kọ́ èjìká níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́." Bó ṣe yíjú padà ló rí bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Adéyẹmọ. Ó rìn dé ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ti tún ọ̀rọ̀ náà tò lọ́kàn láti ìgbà tí Dub ti bẹ̀ ẹ́. Ó wo Dub, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ ìka.

"Orúkọ mi ni Adéyẹmọ," ó ní. "Ẹ má bínú. Mi ò ní lè sọ nǹkan kan."

Ó padà lọ jókòó. Wọ́n dìbò, wọ́n ní kí pápá kógbá wọlé bí sáà eré bá ti parí. Bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá yí nǹkan padà, bóyá kò ní yí i, kò sẹ́ni tó lè sọ. Àwọn awakọ̀ kan kọjá lára rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Dub ló gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ọmọ-ọmọ rẹ ni," ó ní. "Èmi náà ì bá dákẹ́."

Ì bá sàn fún Adéyẹmọ ká ní Dub bú u.

Lọ́jọ́ eré ìkẹyìn, oòrùn mú ganrínganrín. Dub ní òun fẹ́ fi mọ́tò òun yí pápá ká kí wọ́n tó tì í. Adéyẹmọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga.

"Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, kò yẹ kí ẹ wakọ̀ o."

"Dókítà, ràn mí lọ́wọ́, kí n wọlé."

Ọkọ̀ náà kò ní ilẹ̀kùn tó ṣí, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Adéyẹmọ ló gbé ẹsẹ̀ tí kò ṣeé ká náà kọjá, ló so bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà. Èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ yí pápá ká jẹ́jẹ́, kò tíì yí i ká lẹ́ẹ̀kejì tán tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kú. Àwọn awakọ̀ sáré lọ tì í. Adéyẹmọ bá wọn tì í, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.

Dub lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Oklahoma. Ó máa ń pe Adéyẹmọ lórí fóònù níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà ló ń gbé fóònù, á ní bàbá ń sinmi.

Katakátá wọ pápá, wọ́n fọ́ ògiri, wọ́n hú ọ̀dà. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí i. Ariwo tó jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ Sátidé tẹ́lẹ̀ wá di ti ojoojúmọ́, láti àárọ̀. Shalom kò sùn.

"Daddy, ṣé èmi ni mo fà á?" Fèyísọ́lá bi í lọ́jọ́ kan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi," ni Adéyẹmọ wí. "Fún mi ní ọmọ náà, kí o lọ dùbúlẹ̀ díẹ̀."

Ó gbà á, ó gbé e kọ́ èjìká, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀. Ọmọ náà ń ké. Ó ń pọ́n ọn lé, ó ń kì í ní oríkì àwọn ará Ṣakí, ó ń gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, ọmọ náà sì ń ké.