Ojú Àtàǹpàkò Méjì

Òórùn èéfín àjà ìdáná ìyá mi ní Àgọ́ Aláyé máa ń padà sọ́dọ̀ mi kí n tó rántí ojú ìyá mi fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń tì mí lójú. Púpurú ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọ tuntun, yóò sì tò ó sórí àjà lókè iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú bí èédú, tí inú rẹ̀ yóò sì funfun. Bí ọjà Ore bá pé, a ó di ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Lábẹ́ àtíbàbà kan ní ọjà náà ni ọ̀rẹ́ ìyá mi ti máa ń dúró dè é, obìnrin Odigbo kan tí òun pẹ̀lú ń ṣe púpurú. Àwọn méjèèjì ti ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà yẹn kí a tó bí mi. Bí oníbàárà bá bá ọ̀kan ná ọjà tí kò gbà, yóò darí rẹ̀ sí ìkejì. Mo fẹ́ràn obìnrin náà, tàbí kí n sọ pé ó yẹ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo ń jowú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi kò lè bá mi sọ, etí rẹ̀ ló ń bọ́ sí.

Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí owó epo rọ̀bì ń dé ibi tí ojú ọ̀nà dé. Ore ń là nítorí oríta rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Bìní ti ń sinmi. Odigbo ń là nítorí oko rẹ̀ àti nítorí pé ó ti jẹ́ ìlú kí Ore tó mọ̀ pé òun yóò di nǹkan kan. Ọjà méjèèjì ló ní bodè. Àjèjì tó bá gbé púpurú dé ẹnu ọ̀nà yóò yọ ọ̀kan nínú agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà kí ó tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ń ráhùn, nítorí gbogbo àjèjì ló ń san án, ará Odigbo àti àwa ará Àgọ́ Aláyé bákan náà. Àfi ìgbà tí àwọn olórí ọjà méjèèjì pàdé, tí wọ́n sì fẹnu kò pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹrù Odigbo yóò máa wọ Ore láìsan bodè, ẹrù Ore yóò sì máa wọ Odigbo bákan náà.

Mo wà ní yunifásítì nígbà náà. Kí ẹni tó ń kà á má ṣe rẹ́rìn-ín mi: lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi, lórí orílẹ̀-èdè olówó méjì ní òkè òkun tí wọ́n mú owó bodè kúrò láàárín ara wọn. Mo ti ka ìwé débi tí ojú ń ta mí. Olùkọ́ wa kan máa ń sọ pé bí ẹni méjì bá ṣílẹ̀kùn fún ara wọn, kí a má wo àwọn méjèèjì, kí a wo ẹni kẹta tó dúró síta. Mo kọ gbólóhùn náà sílẹ̀, mo fa ilà sí i nídìí, ó jáde nínú ìdánwò, mo sì yege. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹni kẹta náà lè ní àjà ìdáná.

Nígbà tí mo dé fún ìsinmi, mo bá a pé tíṣà kan tí wọ́n gbé wá láti apá Ọ̀yọ́ ni ọjà Ore pè láti tọ́ wọn sọ́nà lórí àdéhùn náà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni lásán ló lọ. Èmi tí mo ní ìmọ̀ náà lórí, ẹnikẹ́ni kò rántí mi. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi, inú bí mi gidigidi, ṣùgbọ́n títí di òní n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé nítorí ìyá mi ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìlérí pé ará Odigbo kò ní san bodè rọrùn. Bí a ó ṣe mọ púpurú Odigbo yàtọ̀ sí ti ìlú mìíràn ló le. Dúdú ni gbogbo wọn. Àwọn obìnrin ọjà wá ṣòfin pé kí ará Odigbo fi àtàǹpàkò méjì tẹ orí púpurú nígbà tó ṣì tutù, kí ó tó gun àjà. Iná yóò gbẹ ojú méjèèjì síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Mo bá ìyá mi lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọlé níwájú wa, kò tilẹ̀ sọ agbọ̀n kalẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Tíṣà,” ni obìnrin tó ń ṣọ́ bodè wí. Èmi ni tíṣà ọ̀la tí wọ́n fi ń pe ìyá mi. “Ẹ mú ti bodè wá.”

“Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn, ṣé ó mú tirẹ̀ wá?”

“Ará Odigbo ni wọ́n. Ẹ wo orí púpurú wọn.”

“Ẹnu la fi ń jẹ púpurú, a kì í fi àtàǹpàkò jẹ ẹ́.”

“Ẹ má bá mi jà, ìyá. Òfin ni.”

Ìyá mi yọ ọ̀kan sílẹ̀, bó ti ń yọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ọjà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tà ní ẹdínwó, nítorí kò yọ ọ̀kan sílẹ̀ fún bodè tí yóò máa fi owó ìyókù dí. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi kọ́ láti kọ́kọ́ wo orí púpurú, wọ́n á sì yà sí apá kejì àtíbàbà. Ìyá mi ń di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Púpurú tí kò bá tà lọ́jà yìí yóò gba èéfín sí i, yóò korò, ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò sì ní padà wá. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, àtíbàbà náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá wa ní Àgọ́ Aláyé, ó sì jókòó lẹ́bàá iná.

“Jẹ́ kí n tẹ orí wọn fún ọ. Ìka mi ni wọ́n ń wá, èmi náà nìyí. Ta ló máa mọ̀?”

Ìyá mi kò gbójú sókè. “Ṣé kí n bímọ tán, kí n wá fi ilà ilé ẹlòmíràn kọ ọ́ lójú?”

“Púpurú ni, kì í ṣe ọmọ!”

“Ìwọ lò ń wí bẹ́ẹ̀. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò ní.”

Obìnrin náà dìde, ó lọ. Inú mi dùn. Mo ní kí n kọ̀wé sí olórí ọjà lórúkọ ìyá mi, kí n fi ìmọ̀ òkè òkun gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyá mi ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun fẹ́ná.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó rìn dé ẹnu bodè, ó dúró, ó sì yí padà. Ó tẹ́ ẹní sí etí títì, níbi tí ọkọ̀ Bìní ti ń rọ èrò sílẹ̀. “Ọ̀nà kan kò wọ ọjà,” ni ó wí fún mi. Àwọn èrò ọkọ̀ kò mọ Odigbo, wọn kò mọ Àgọ́ Aláyé. Funfun inú púpurú ni wọ́n ń wò. Àwọn obìnrin Araromi-Obu bá a níbẹ̀. Àwọn ará Agbabu tẹ̀lé wọn. Kí ọdún tó yí po, ẹní ti gùn ju ọjà lọ, àwọn ará inú ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá tọrọ àyè. Àwọn ẹlẹ́ní wá ṣòfin tiwọn: ẹni tó bá ti inú ọjà wá yóò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Mo tún ti dé fún ìsinmi lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ ìyá mi wá. Ó dúró pẹ̀lú agbọ̀n lórí.

“Ìyá Tíṣà, ṣé àyè wà?”

“Àyè wà. Mú ti bodè wá.”

“Bodè níbo? Ẹní lásán lèyí!”

Ìyá mi na ọwọ́. Obìnrin náà sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó tú u, ó sì mú ọ̀kan.

“Kì í ṣe kékeré yẹn. Mú èyí tó tóbi.”

“Olè ni ọ́!”

“Òfin ni.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Mo dúró, n kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ìyá mi ha ẹ̀yìn púpurú náà tòun ti ojú àtàǹpàkò méjì tó wà lórí rẹ̀, ó gún un, ó kù ú, ó rò ó, wọ́n sì jọ fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Mo jókòó lórí àpò òfìfo lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìwé ní itan, mo ń wo ẹ̀yìn wọn.

Àwọn méjèèjì ti di ará ọ̀run báyìí. Bí mo bá ń kọjá ní Ore, púpurú tó ti di ìyẹ̀fun nínú ọ̀rá ni wọ́n ń gbé wá sí ojú fèrèsé ọkọ̀, kò sí ibi tí ìka lè tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé wọn kò pè mí sí oúnjẹ ọjọ́ náà, pé èmi ni ẹni kẹta tí àwọn méjèèjì tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìrántí tèmi ni, mo sì ti lò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ kí ó dákẹ́ dáadáa nínú orí mi, mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan, tútù, tí ẹnu rẹ̀ le díẹ̀, tó ń sọ pé, “Ebi kò pa mí, màámi. Ẹ máa jẹun.” Ohùn mi ni.