Fílááṣì Ọrùn Ọ̀gá Mi

Okùn dúdú kan kì í kúrò lọ́rùn obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlaròó. Fílááṣì ló so mọ́ ọn, ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ wa ló sì wà nínú rẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, á ti bi mí pé, "Ẹ̀dà rẹ̀ dà?" Bí mo bá ń wò ṣùn-ùn, á ní kí n dìde lórí àga òun.

Lọ́dún tí ìjọba ti bọ́dà pa, oníbàárà láti òdìkejì bọ́dà ò lè wọlé mọ́. Ìkànnì tá a ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn àgbẹ̀ Àfọ̀n wá fi ń polówó àgbàdo fáwọn ará Ìbàdàn. Ọkùnrin tó bá wa forúkọ táwọn èèyàn fi ń wá ìkànnì náà sílẹ̀ rí i pé ọjà ń yá, ló bá ní òun lòun ni orúkọ, ó sì tì í pa. Ó pe ọ̀gá mi: "Ìjọba ti bọ́dà, èmi náà ti tèmi. Ẹ wá bẹ̀ mí."

Ọ̀gá mi ò bẹ ẹnì kankan. Ó bọ́ okùn lọ́rùn, ó ra orúkọ tuntun, ó kó gbogbo ẹrù wa síbẹ̀. Àwòrán ò kọ́kọ́ jáde, torí orúkọ àtijọ́ làwọn ojú ìwé wa ṣì ń pè. Ó wá ibi tí orúkọ náà wà rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó sì fi orúkọ tuntun náà ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àgbàdo Àfọ̀n ti padà sójú ọjà.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin náà tún pè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Màdáámù, ẹ wá gba orúkọ yín."

"Ẹ máa mú un lọ," lọ̀gá mi wí. "Ẹ fi sọ ọmọ."