Ìjókòó Iwájú nínú Ìjàpá Wa

Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ìhà ọjà pákó Kàtákò láàárọ̀ ọyẹ́, òórùn pákó tútù ló kọ́kọ́ ń wọ yàrá wa ní Láràntò, kí ti àkàrà tí ìyá Hausa kan ń dín lẹ́nu ọ̀nà tó tẹ̀ lé e. Títí dòní, òórùn méjèèjì yẹn ló ń rán mi létí ọkọ̀ wa àkọ́kọ́. Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn roboto tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá ni, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ìwọ náà mọ irú òtútù tó ń mú ní Jọ́ọ̀sì nígbà náà, kì í ṣe eléyìí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pariwo lé lórí. Omi inú garawa á fẹ́rẹ̀ẹ́ bù ọ́ lọ́wọ́ jẹ. Ọkọ mi á ti jí, á fi àkísà nu gíláàsì, á sì máa bẹ ọkọ̀ náà pé kó jọ̀wọ́, kó dá òun lóhùn.

Akọ̀wé ni ọkọ mi ní rélùwéè, ojú rẹ̀ kò sì dára. Awò tó ń lò, ọ̀nà jíjìn nìkan ló fi ń ríran. Ohun tó bá wà nítòsí, bàìbàì ló ń rí i. Nínú oòrùn Jọ́ọ̀sì, kò lè rí àwọn iná kéékèèké ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rárá. Èmi ni mo ń bá a wò wọ́n. Iná méjì ló wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Tó bá yí kọ́kọ́rọ́, méjèèjì á tàn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, méjèèjì á kú. Tí aláwọ̀ ewé bá tún tàn lójú ọ̀nà, ọ́ìlì ló ń tán lọ. Tí ó bá jẹ́ pupa, bẹ́líìtì fáànù ló já, fáànù yẹn ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ìjàpá kì í mu omi. "Tí o bá ti rí pupa, dá mi dúró lójú ẹsẹ̀," ohun tó máa ń sọ fún mi nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i, tí mo ké, tó yà sẹ́bàá títì, tó fa bẹ́líìtì tuntun yọ lábẹ́ ìjókòó, tó sì pààrọ̀ rẹ̀ kí àkàrà kan tó jinná. Nǹkan kékeré ni, tí èèyàn bá ti tètè rí i. "Ìyàwó mi ni ojú mi," ló ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, inú mi á sì dùn bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ń wa ọkọ̀.

Ìgbà yẹn ni àbúrò rẹ̀ obìnrin dé láti Iléṣà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. O kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe é, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Eyín ọmọ náà funfun kinniwin, ni mo bá ń pè é ní Eyínfúnjowó. Èmi á kúnlẹ̀ díẹ̀, màá ní, "Eyínfúnjowó, ẹ káàárọ̀ o," òun á ní, "Ìyàwó wa, ṣé o jíire?" Èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ! Lọ́jọ́ tí a lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọkọ mi ní kó bọ́ síwájú kó lè rí ìlú dáadáa. Mo bọ́ sẹ́yìn. Mo rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni, àmọ́ ó rí ìlú náà lọ́jọ́ kejì, ó rí i lọ́jọ́ kẹta, kò sì rí ìlú tán mọ́.

Ohun kan tún wà ńbẹ̀. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí bàbá mi sí, Hausa la fi ń ṣeré nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Yorùbá mi nígbà náà ń tiro. Àwọn méjèèjì á wà níwájú, wọ́n á máa sọ Ìjẹ̀ṣà wàràwàrà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, èmi á wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ mi lórí itan, n kò ní gbọ́ ju ìdajì lọ. Tí mo bá béèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ọkọ mi á ní, "Ọ̀rọ̀ ilé ni." Ọ̀rọ̀ ilé! Níbo wá ni èmi ń gbé? Mo jowú, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Tí ọkọ mi bá bu ẹran sínú abọ́ àbúrò rẹ̀, ojú mi á tẹ̀ lé ẹran náà dé ẹnu rẹ̀. Tí ọmọ náà bá kọrin ní bálùwẹ̀, inú á máa bí mi pé ohùn rẹ̀ dùn. Èyí tó sì dùn mí jù lọ ni pé ọkọ mi kò tilẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó ń bá a wo iná mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, a fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ó rántí pé òun ti gbàgbé Bíbélì, ó sì sáré padà wọlé. Iná méjèèjì ń tàn. Eyínfúnjowó fi ìka kan èyí pupa, ó yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, kí ni eléyìí wà fún?" N kò mọ ẹni tó fi èsì sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Òtútù ni. Tí òtútù bá ń mú ọkọ̀, á tàn. Tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, á kú." Ọkọ mi dé, ó ta ẹ́ńjìnnì jí, iná sì kú lóòótọ́. "Ó ti gbóná," ni ọmọ náà wí, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti mọ nǹkan tuntun. Mo kọjú síta, mò ń rẹ́rìn-ín sínú. Ohun tí mo rò ni pé ìjókòó ló rí gbà lọ́wọ́ mi, kò ní rí iṣẹ́ mi gbà.

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé láti ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn ìlú pé kó wá fún íńtáfíù ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹni tó bá pẹ́ kó má wulẹ̀ wọlé. Inú mi dùn ju tirẹ̀ lọ. Ọgbà ilé ìwé ni yóò máa gbé tí wọ́n bá mú un, ìjókòó mi á sì padà sọ́wọ́ mi. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ mú débi pé a ò rí òkè tó wà lẹ́yìn ilé. Ọkọ mi ṣí àpótí mi, ó mú súwẹ́tà aláwọ̀ aró tó rà fún mi nígbà tí mo bí ọmọ wa, ó sì gbé e lé àbúrò rẹ̀ léjìká. "Wọ èyí, kí òtútù má baà pa ọ́." Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà wọ̀ ọ́, ó sì yẹ ẹ́ jù mí lọ. Àbí kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbé ọmọ mi, mo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

A kọjá Tina Junction bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín àwọn àpáta. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nǹkan kan tó dún lẹ́yìn mi, tó já pẹ́ẹ́. Mo wo àárín ìjókòó méjèèjì. Pupa ti tàn. Eyínfúnjowó náà rí i. Ó wò ó, ó fa súwẹ́tà mi mọ́ àyà, ó sì gbójú kúrò, nítorí pé òtútù ń mú lóòótọ́. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí o gbà mí gbọ́ pé mo la ẹnu. Àfi bí ọkọ mi ṣe sọ nǹkan kan ní Ìjẹ̀ṣà, tí àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, tó sì fi ọwọ́ gbá a léjìká. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní ẹni tó gba iwájú ni kó wo iwájú. Mo ní tí a bá dé orí òkè yẹn, n ó sọ. A dé orí òkè, mo tún ní ó di ibi igi yẹn. Ìjókòó ti ń gbóná lábẹ́ itan mi, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná ti ń wọ imú mi, èmi ṣì dákẹ́. Ìgbà tí mo fi máa ké "Iná!", ẹ́ńjìnnì ti lọgun bí ìgbà tí irin ń lọ irin, ó sì kú.

Ọkọ mi ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, èéfín bò ó lójú. Ó fa bẹ́líìtì tó já jáde, ó wò ó títí. "Nítorí bẹ́líìtì lásán!" Ó wá síwájú, bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bi èmi ní nǹkan kan, ọmọ tó ń sùn lórí itan mi ti ṣe àwáwí fún mi. Àbúrò rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ìwọ lo jókòó ti iná yìí. O ò rí i kó tàn?"

"Mo rí i, bọ̀ọ̀dá."

"O rí i! O ò sì béèrè ohun tó wà fún?"

Ọmọ náà yíjú sí mi. Mo rí i lójú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé e, díẹ̀díẹ̀, pé irọ́ ni mo pa fún un. Ara mi tutù ju ọyẹ́ lọ. Ó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "N kò béèrè," ni ó wí.

Èmi ni mo bẹ́ sójú títì. Mo na apá méjèèjì, mò ń ké ní Hausa sí gbogbo ohun tó ń bọ̀, "Don Allah, ku taimake mu!", pé kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́ nítorí Ọlọ́run. Ó pẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì láyè lórí àwọn àpò ànàmọ́. Èmi dúró ti ìjàpá pẹ̀lú ọmọ. Nígbà tí òtútù fẹ́ pa wá, mo bọ́ síwájú, mo jókòó. Ìjókòó tí mo ti ń jowú sí láti oṣù méjì nìyẹn, mo ti rí i gbà, ọkọ̀ kò sì lè lọ síbì kan. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Ọ̀sán ti ń lọ kí wọ́n tó padà dé. Íńtáfíù ti parí kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá ní ọdún tó ń bọ̀. Eyínfúnjowó bọ́ súwẹ́tà, ó gbọn eruku rẹ̀, ó ká a dáadáa. "Súwẹ́tà rẹ rèé, ìyàwó wa," ni ó wí, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ìjàpá sùn sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Kàtákò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀ ni mẹkáníìkì á mi orí, á ní "Haba!", á bi mí bóyá kò sí ẹni tó lójú nínú ọkọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú láti jẹ́wọ́ fún ọkọ mi, ẹnu mi kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí mo ń lé lọ nínú ọkàn mi tún lo ọdún kan gbáko lọ́dọ̀ mi. Ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà, ó ń pọn ọmọ mi, kò sì fi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀ sí mi kíkan. Ìtìjú ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n máa kọ́ ọ ní Hausa, torí pé mo fẹ́ san nǹkan kan padà fún un. Òun náà ń tún Yorùbá mi ṣe. Èyí tí o ń gbọ́ lẹ́nu mi yìí, òun ló kọ́ mi, ló ṣe ń dún bí ará Iléṣà nígbà mìíràn. Nígbà tó padà lọ fún íńtáfíù ní ọdún kejì, wọ́n ní kó fi Hausa rẹ obìnrin tó ń rọbí lẹ́kún. Ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Wọ́n mú un, mo sì sunkún lọ́jọ́ tó kó ẹrù jáde nílé mi.

Ọdún púpọ̀ kọjá. Eyínfúnjowó di agbẹ̀bí, ó ra ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ tí iná kún ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ojú ọkọ mi ti burú sí i nígbà náà, kò wakọ̀ mọ́. Ní Sátidé kan, Eyínfúnjowó wá gbé wa lọ sọ́jà, ọkọ mi sì na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn iwájú. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yìn ni tiyín," ni ó wí. "Ìyàwó wa ló ń jókòó síwájú." A ò tíì dé Tina Junction tí mo rí iná pupa kan. Mo ké tòò, "Ẹ dúró! Iná! Iná ti tàn!" Kò tilẹ̀ dẹ ẹsẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà, ó ní, "Fọkàn balẹ̀, ìyàwó wa. Òtútù ló ń mú ọkọ̀."

Gbogbo ọdún yẹn, kò gbàgbé, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ó gbé ọwọ́ kan lé búréèkì ọwọ́ tí kò tíì wálẹ̀ tán, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iná sì kú. "Ó ti gbóná," ni ó wí, eyín rẹ̀ funfun bíi ti ọjọ́ kìíní. Mo bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú mi. Mo ti máa ń rò pé ó wá gba àyè mi ni, láìmọ̀ pé òun gan-an ló dá àyè náà sí fún mi lọ́jọ́ tó bo irọ́ mi mọ́lẹ̀ lójú títì.

Ọkọ mi na ọrùn láti ẹ̀yìn. "Òtútù wo? Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ọ̀rọ̀ ilé ni, bọ̀ọ̀dá," ni Eyínfúnjowó dá a lóhùn.

Mo yíjú wo ọkọ mi. Ó ti fajú ro, ó ń wo ẹ̀yìn orí wa bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí pé ibi tó wà yẹn, èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí.