Ọkùnrin Tó Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ Ìwé Ìtàn

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkùnrin yìí, kó béèrè Má-rún-un nílé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé epo. Aṣọ ló ń lọ̀ níbẹ̀. Kò sí oníbàárà tó gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí tí ọkùnrin náà kò kìlọ̀ fún pé, "Ẹ má rún un o!" Ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, apá rẹ̀ tóbi bí ọmọ odó, àmọ́ kò sóhun tó fẹ́ràn láyé yìí tó ìtàn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń kà á fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tó wẹ̀, tó jẹun tán, á gbé orí lé itan obìnrin náà, ìyẹn á ṣí ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kò lè kà á. Kì í ṣe pé kò lọ sílé ìwé. Lẹ́tà ni kì í dúró jẹ́ẹ́ fún un. Tó bá tẹjú mọ́ ìlà kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ á gòkè wá bá a, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Àwọn olùkọ́ ní olódo ni, wọ́n nà án bí ẹni máa kú. Kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ nínú wọn pé ṣé pàṣán ló ń mú lẹ́tà dúró ni.

Nígbà tó yá, ojú ìyàwó ń ṣú, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fojú kan ìwé títí òun á fi sọ pé ó yá. Obìnrin tó ń kàwé bí ẹni ń mumi wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bándéèjì lójú. Ọkọ tan rédíò fún un, ó ní kó pa á.

"Ìyá wọn, kí lo wá fẹ́?"

"Ìtàn ni mo fẹ́." Ó tún yára kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. "Ẹ má dá mi lóhùn jàre, bàbá wọn."

Má-rún-un mọ̀ pé kò fẹ́ dójú ti òun ni. Ó dùn ún ju èébú lọ. Níbẹ̀ ló ti pinnu pé òun lòun á kàwé fún un, orí ì báà fọ́.

Ó gba ilé ìkàwé lọ. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ gbọ́ pé kò mọ̀wé kà dáadáa, ó kó àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan fún un. Má-rún-un ṣí àkọ́kọ́, ó bá ajá tó ń lé bọ́ọ̀lù.

"O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ àgbàlagbà bíi tèmi, kí ni kí n fi ajá àti bọ́ọ̀lù ṣe? Ìwé tó máa wọ èèyàn lára ni mò ń wá."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́. Ó wá rọra béèrè pé, "Ṣé lẹ́tà kì í dúró fún yín ni, sà?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bí àbúrò mi náà ṣe rí nìyẹn. Dislẹ́síà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ẹ ò gbọ́n, sà."

Látìgbà èwe ni Má-rún-un ti gbà pé olódo lòun lóòótọ́. Ọmọbìnrin náà wá ìwé ìtàn àwọn àgbà kan fún un, ìtàn ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ìlà rẹ̀ jìnnà síra, orí kọ̀ọ̀kan kò sì gùn.

Ní àkókò ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ṣí i. Ìwé náà nípọn, ojú ewé ń ká padà, òjìji ń bo ìlà, lẹ́tà sì tún bẹ̀rẹ̀ ijó wọn. Ẹlòmíì á fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tiwa gbé áyọ́ọ̀nù. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá ká, iná ló ń tọ́ ọ. Ó tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ lé e, ó lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ kọ́là ẹ̀wù ọkọ ìyàwó. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé bá yọ́. Bó ṣe ní kó gbé e, ìwé fọ́n ká sórí tábìlì ní ewé kọ̀ọ̀kan.

Ìwé oníwèé! Ó mú ewé kan kó lè mọ ibi tó ti bọ́. Ewé náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ìwé ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dẹ́rù bà á. Kó tó mọ̀, ó ti kà á dé ìsàlẹ̀. Ó mú òmíràn.

Nígbà tó lọ jẹ́wọ́, ọmọbìnrin ilé ìkàwé la ẹnu sílẹ̀.

"Ẹ lọ ìwé, sà?"

"Mo lọ̀ ọ́."

Ìyẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kó máa kà á lọ bẹ́ẹ̀, pé tó bá parí, àwọn á lẹ̀ ẹ́ padà.

Bí Má-rún-un ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ń kà á tàgétàgé bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Tó bá kọsẹ̀, obìnrin náà kì í bá a sọ ọ́. Á kàn gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀, á dúró dè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá inú ìwé dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ọmọ rẹ̀ wà. Má-rún-un dákẹ́ lójijì. Ìyàwó dúró dè é títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ rọra mú un, bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ náà le ni?"

"Mo mọ ọ̀rọ̀ náà," ó ní. "Ìyá yẹn ló kú."

Obìnrin náà na ọwọ́ wá ojú ọkọ rẹ̀, ó sì bá omijé níbẹ̀. Ó nù ún fún un, ó tún sún mọ́ ọn sí i.

"Ẹ kà á," ó ní. "Èmi náà fẹ́ gbọ́ bó ṣe kú."